Àfòpiná Àǹtí Jẹmílà

Ilé wa ní Addo, lẹ́bàá Ajah, kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni okùn kànga á ti máa dún bí ẹni tó ń sunkún abẹ́lẹ̀, nítorí pé irin tí wọ́n fi gbé e kọ́ ti dípẹtà, gbogbo wa ló sì ń sọ lójoojúmọ́ pé a ó fi epo sí i. Ìgbálẹ̀ Màmá Àgbà ló máa ń tẹ̀ lé e. Ìyá tó bí bàbá mi ni wọ́n. Kò sẹ́ni tó rán wọn níṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá, ṣùgbọ́n wọ́n ní ilé tí wọn kò bá gbá láàárọ̀, ọ̀rọ̀ àná ló máa ń sùn síbẹ̀. Lẹ́yìn ilé, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ inú àbàtà á máa dá ara wọn lóhùn títí oòrùn á fi mú. Àbàtà náà kò sí mọ́ báyìí. Tipà ló da yẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n kọ́ ilé alájà lé e lórí, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò sì mọ̀ pé orí ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n sùn. Ṣùgbọ́n ohùn tó kù sí mi létí jù lọ ni ti ẹ̀rọ ìránṣọ màámi, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé yàrá wọn. Bí ara wọn bá yá, á máa sáré geere. Bí inú wọn kò bá dùn, á máa sáré, á dúró, á tún sáré. Kí n tó wọlé láti ilé ìwé ni mo ti máa ń mọ irú ọjọ́ tó jẹ́.

Alhájì ni wọ́n ń pe bàámi ládùúgbò. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n. Iwájú ilé wa tó kọjú sí títì jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ayálégbé wà, inú lọ́hùn-ún ni àwa ń gbé. Ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n. Mi ò rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé ọwọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé wọ́n bẹ̀rù ni ẹnu àwọn ẹbí wọn. Ọdún tí mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni ọdún tí ẹnu àwọn ẹbí náà borí, tí bàámi fẹ́ Àǹtí Jẹmílà ṣe ìyàwó kejì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, èmi nìkan sì ni màámi bí. Àwọn ẹbí ní ọmọ kan kì í ṣe ọmọ, pé ọwọ́ kan kì í gbé igbá dé orí.

Màámi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n kàn gbé ìkòkò tiwọn lọ sí apá kan ilé ìdáná, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀ fún ìyàwó. Bí ìyàwó bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á dáhùn, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ. Bí ọ̀rọ̀ kan bá pọn dandan, èmi ni wọ́n máa ń rán. Wọ́n lè wà lórí ìjókòó kan náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí màámi wí pé, "Ràfíà, sọ fún un pé omi rẹ̀ ti ń hó," kí Àǹtí Jẹmílà sì dáhùn kí n tó la ẹnu, "Ràfíà, sọ fún wọn pé mo dúpẹ́." Èmi á wo èyí, èmi á wo tọ̀hún, mi ò ní mọ ẹni tí ó yẹ kí n sọ kí ni fún. Lójú mi nígbà náà, eré ni. Báyìí tí èmi náà ti ní ilé ọkọ, mo mọ̀ pé kì í ṣe eré. Ìyẹn ni gbogbo sùúrù tí màámi ní, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ná an.

Nínú ẹrù tí Àǹtí Jẹmílà kó wálé, páálí kan wà tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá àwọn gbé. Màmá Àgbà ní awo tánganran ni. Èmi rò pé ohun dídùn ni, nítorí pé mo rí abọ́ áísíkiriímù kan tó yọ orí jáde láàárín rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n rán mi wọ yàrá wọn láti mú ajọ̀ èlùbọ́, abọ́ náà wà lórí tábìlì. Mo ṣí i. Wáyà pupa àti dúdú ló kún inú rẹ̀ bí ìdin. Àǹtí Jẹmílà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Áísíkiriímù lò ń wá, àbí?"

"Rárá, mà."

"Irọ́ dé. Jókòó."

Wọ́n mú nǹkan kékeré kan jáde, kò tóbi ju hóró àgbàdo lọ, ó ní ẹsẹ̀ wáyà méjì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń lọ sókè sódò lójú rẹ̀ bí ipa ekòló. Wọ́n so ó mọ́ bátìrì àti iná kékeré kan. Iná náà tàn. "Fi ọwọ́ bò ó lójú," ni wọ́n wí. Mo fi ọwọ́ bò ó, iná náà sì di bàìbàì. Mo gbé ọwọ́ kúrò, ó mọ́lẹ̀ padà. Mo bò ó, mo ṣí i, mo bò ó, mo ṣí i, bí ẹni tí ó rí ọ̀nà tuntun láti máa ṣẹ́jú.

"Ojú ni," Àǹtí Jẹmílà wí. "Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, iná bátìrì á ráyè gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ibẹ̀ bá ṣókùnkùn, ọ̀nà á há. Kò mọ̀ ọ́, kò mọ̀ mí. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló mọ̀."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, mà?"

"Mo fẹ́ ṣe nǹkan tí á máa wá ìmọ́lẹ̀ kiri fúnra rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní róbọ́ọ̀tì. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ṣàngótẹ̀dó bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ní gbogbo Sátidé, kí bàbá rẹ tó ní kí n fi í sílẹ̀." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iná ni wọ́n kà jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, mi ò sì tíì rí obìnrin tó mọ ìyẹn rí. Àwọn tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ládùúgbò wa, ọkùnrin ni gbogbo wọn.

Mo sáré lọ sọ fún màámi. Bí mo ṣe dárúkọ Àǹtí Jẹmílà ni ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Màámi fa òwú gùn, wọ́n wò ó síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, wọ́n fi bọ ojú abẹ́rẹ́. Mo rò pé wọ́n máa ní n kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ ni èyí: "Lọ kọ́ gbogbo ohun tó bá mọ̀. Má jẹ oúnjẹ rẹ̀." Ẹsẹ̀ wọn bọ́ sórí ẹ̀rọ padà. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn láìmọye ìgbà láyé mi. Inú ń bí wọn, ìbẹ̀rù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ìbínú wọn gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wa bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, màá pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù, màá fi òòfà ṣa àwọn abẹ́rẹ́ olórí tó bọ́ sílẹ̀ ní yàrá màámi, màá ṣa ẹ̀wà bí wọ́n bá fẹ́ sè é, màá lọ sí ilé kéú, màá bọ̀, lẹ́yìn náà ni màá wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí Jẹmílà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ́n bu dòdò fún mi. Mo ní mo ti yó. Ikùn mi sì kùn bí ìgbà tí ọkọ̀ kòròpẹ́ bá ń gun òkè. Ní ọjọ́ kejì wọ́n bu ẹ̀gbo àti ẹ̀wà, mo tún ní mo ti yó. Wọ́n wo fèrèsé màámi, wọ́n wo ojú mi, wọn kò sì fi oúnjẹ lọ̀ mí mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Àǹtí Jẹmílà kì í jẹun mọ́ títí màá fi dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí n má baà máa gbé itọ́ mì. Ebi á máa pa wọ́n, wọ́n á máa fi áyọ́ọ̀nù ẹlẹ́nu ṣóṣóró yọ́ òjé mọ́ wáyà, èéfín rẹ̀ á máa rùn bí irun tó jóná. Màámi ń se ìkọ́kọ́rẹ́ lọ́hùn-ún, òórùn edé àti ẹja gbígbẹ ń fẹ́ wá bá wa, àwa méjèèjì á sì ṣe bí ẹni tí imú rẹ̀ ti dí.

Abọ́ áísíkiriímù yẹn ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Wọ́n dá ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì fún táyà, mọ́tò kékeré kan fún táyà kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ ni pátákó kékeré tó jẹ́ ọpọlọ wà, pẹlẹbẹ bí bisikíìtì, ìgbà tí iná bá dé la sì lè kọ̀wé sínú rẹ̀, nítorí pé láàpútọ́ọ̀pù Àǹtí Jẹmílà kò lè dá dúró láìsí iná. Bí iná bá dé, tí gbogbo àdúgbò hó yèè, àwa méjèèjì á sáré bí ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń jóná lórí ààrò. Èdè òyìnbó kékeré ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n fi ń kà á sí mi létí: "Wo ojú ọ̀tún. Wo ojú òsì. Èwo ló rí ìmọ́lẹ̀ jù? Bí ọ̀tún bá rí i jù, yí sí ọ̀tún. Bí òsì bá rí i jù, yí sí òsì. Bí wọ́n bá dọ́gba, máa lọ síwájú. Tún wò." Wọ́n ní gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, pé ohun tó jẹ́ kó dà bí ẹni tó gbọ́n ni pé kì í sú u láti tún wò.

Èmi ni wọ́n fún ní iṣẹ́ síso wáyà mọ́ mọ́tò. Mo so ti ojú òsì mọ́ táyà òsì, ti ọ̀tún mọ́ ọ̀tún, ó sì dá mi lójú pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. A ta ìró bo fèrèsé yàrá ẹrù kó lè ṣókùnkùn, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i lójú. Nǹkan náà wo ìmọ́lẹ̀, ó yí ẹ̀yìn sí i, ó sì sá lọ sábẹ́ àpótí. Mo tún fà á jáde. Ó tún sá. Àǹtí Jẹmílà rẹ́rìn-ín títí tí gèlè fi tú lórí wọn. "Wò ó dáadáa," ni wọ́n wí. "Dìde. Jẹ́ kí n di ọ́ lọ́wọ́ òsì mú. Máa rìn. Ẹsẹ̀ wo lò ń fi sáré kó o tó lè yí sí apá òsì?" Mo rìn, mo yí, mo sì rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń sáré, òsì ń dúró dè é. Mo jókòó, mo yọ wáyà méjèèjì, mo gbé ti òsì sí ọ̀tún, ti ọ̀tún sí òsì. Nígbà tí a tún gbé e sílẹ̀, ó ta gìrì bọ̀ wá bá tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, ó fi orí gbá mi lẹ́sẹ̀. Mo pariwo. Màmá Àgbà sáré wọlé pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n rò pé ejò ni.

Wọ́n dúró wò ó bí ó ṣe ń tẹ̀ lé iná. Ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú ni ọ̀rọ̀ Màmá Àgbà títí wọ́n fi kú, wọn kì í pe ilé ní ilé, *ulé* ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní, "Kòkòrò àtijọ́ nìyí. Nígbà tí fìtílà la ń tàn ní ulé bàbá mi, bẹ́ẹ̀ náà ni àfòpiná ṣe máa ń wá bá wa jẹun." Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pe róbọ́ọ̀tì wa ní Àfòpiná.

Ṣùgbọ́n Àfòpiná ń wọ́ ìdí nílẹ̀. Táyà méjì péré ló ní, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní nǹkan kan, ó ń fá sìmẹ́ńtì gààràgà bí ẹni ń fá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí a wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ màámi dúró. Ojú wọn yọ lójú fèrèsé. "Ràfíà, nǹkan yín ń wọ́ ìdí." Mo ní mo mọ̀, mà. Wọ́n wọlé lọ, mo gbọ́ tí wọ́n ń tú nǹkan lórí tábìlì ìṣaralóge wọn, wọ́n sì na ọwọ́ jáde láàárín irin fèrèsé. Orí róólọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń pa abíyá ni, bọ́ọ̀lù kékeré ẹnu rẹ̀ ṣì ń yí, òórùn dídùn rẹ̀ kò tíì tán. "Sọ fún un pé kó lẹ èyí mọ́ ọn nídìí." Àǹtí Jẹmílà gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n dì í mú fún ìgbà díẹ̀ bí ohun tó lè fọ́. "Ràfíà," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì rẹlẹ̀, "sọ fún wọn pé òun gan-an ni mo ti ń wá." Láti ìgbà náà, bí Àfòpiná bá kọjá lára wa, òórùn màámi ló máa ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní àkókò yẹn ni obìnrin kan tó ní ilé ìwé lọ́nà Ṣàngótẹ̀dó pe Àǹtí Jẹmílà lórí fóònù. Ó ti mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó lọ́kọ. Ó ní kí wọ́n wá máa kọ́ àwọn ọmọ òun ní Sátidé, kí wọ́n mú nǹkan kan tí wọ́n ti ṣe dání kí àwọn òbí lè rí i. Àǹtí Jẹmílà gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú bàámi nídìí oúnjẹ. Bàámi fọ ọwọ́, wọ́n nù ún, wọ́n ní, "A ó rí sí i." Nínú ilé wa, gbogbo wa mọ ìtumọ̀ "a ó rí sí i." Rárá ni, rárá tí wọ́n fi aṣọ bò.

Ọjọ́ tí ọ̀ràn náà wá yọ síta ni ọjọ́ ìpàdé ẹbí. Àwọn àgbààgbà kún pálọ̀ wa, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan ní apá Eleko. Kò sí iná, ojú ọ̀run ṣú, wọ́n fa kọ́tìnì, pálọ̀ náà ṣókùnkùn. Èmi àti Àǹtí Jẹmílà wà ní ọ̀nà àárín yàrá, a ń wò ó bóyá páálí tí mo gé sáàárín ojú Àfòpiná bí imú yóò jẹ́ kí ojú kọ̀ọ̀kan máa wo ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí ẹnì kan ṣe ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún atẹ́gùn nìyẹn, oòrùn sì yọ lójijì, ó wọ pálọ̀ gbọọrọ. Àfòpiná fi wá sílẹ̀. Kí n tó na ọwọ́, ó ti gba abẹ́ kọ́tìnì wọlé, ó ń lọ láàárín ẹsẹ̀ àwọn àgbààgbà, ó yà fún bàtà yìí, ó gbá tọ̀hún, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹnu ọ̀nà.

"Subuhánállàhì!" Bàbá Sùlé, tó jẹ́ àgbà gbogbo wọn, gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga. "Kí lèyí? Eku ni?"

Pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àfòpiná dé inú oòrùn, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Mo sáré lọ gbé e. Wọ́n bi mí pé ta ló ṣe é, mo ní Àǹtí Jẹmílà ni, èmi ni mo so wáyà rẹ̀. Inú mi dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà náà ni Bàbá Sùlé sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, wọ́n yí sí bàámi. "Rásákì, ọmọ la rò pé ìyàwó tuntun wá bí. Ẹ̀rọ ló wá ń bí fún ọ!"

Ẹ̀rín náà pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo bojú wẹ̀yìn. Àǹtí Jẹmílà dúró létí kọ́tìnì, ọwọ́ wọn wà ní inú ìborùn wọn, wọn kò wo ẹnikẹ́ni. Bàámi náà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Jẹmílà, kó nǹkan yẹn kúrò nílẹ̀. Mi ò fẹ́ rí i mọ́ nínú ilé yìí." Jẹ́jẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Ó dùn mí ju kí wọ́n pariwo lọ.

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí Jẹmílà gbé àpótí wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ kí ìyá àwọn ní Ẹ̀pẹ́. Àpótí ẹni tó kàn fẹ́ lọ kí ìyá rẹ̀ kì í tóbi tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó lé e, wọ́n ń dúró de kẹ̀kẹ́ Márúwá tí wọ́n pè. Páálí wọn kò sí níbẹ̀, wọ́n ti gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, Àfòpiná wà lókè rẹ̀. Mo ń gbé omi tíì lọ fún bàámi nígbà tí ẹ̀rọ màámi dákẹ́. Wọ́n jáde, tépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n kọjá lára Àǹtí Jẹmílà, wọ́n wọ pálọ̀, èmi tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú fúláàsì lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó rántí lé mi jáde.

Màámi kúnlẹ̀. "Alhájì, ẹ má jẹ́ kó lọ."

Bàámi wò wọ́n bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Ìwọ? Ìwọ lò ń sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni. Ẹ ò bi mí kí ẹ tó fẹ́ ẹ. Ẹ ti fẹ́ ẹ báyìí. Ẹ jẹ́ kó lọ ṣiṣẹ́ rẹ̀."

"Àwọn ẹbí ńkọ́? O gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lánàá."

"Mo gbọ́. Ẹ ti gbàgbé pé wọ́n sọ ọ́ sí èmi náà? Kí n tó bí Ràfíà, Bàbá Sùlé ló ní ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo wá bá yín tọ́. Pálọ̀ yìí náà ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín." Màámi kò gbé ohùn sókè. Wọ́n ń yí ẹnu tépù náà láàárín ìka wọn. "Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Ajah, Alhájì. Mo ní àwọn ọmọ iṣẹ́. Ẹ ní ìyàwó yín kì í jókòó sójú títì, mo gbé ẹ̀rọ mi wálé. Mi ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ àwọn tó bá rántí mi nìkan ni mò ń ṣe. Ẹ ti ṣe é fún èmi. Ẹ má ṣe é fún ẹlòmíràn."

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé màámi ní ṣọ́ọ̀bù rí. Mo rò pé abẹ́ fèrèsé yẹn ni Ọlọ́run fi ẹ̀rọ náà sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé. Bàámi wo ife tíì tí kò sí tíì nínú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ohùn Màmá Àgbà ti dé, ìgbálẹ̀ wọn lọ́wọ́: "Rásákì, àwọn tó jẹ ráìsì rẹ lánàá tí wọ́n sì ti lọ sùn sí ulé tiwọn, àwọn lo fẹ́ kó máa bá ọ tọ́ ulé rẹ?"

Bàámi dìde. Wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Márúwá ti dé, ó ń dún pọ́pọ́pọ́ lẹ́nu géètì. Àǹtí Jẹmílà dìde lórí àpótí. Bàámi wo àpótí náà, wọ́n wo ilẹ̀. "Sátidé wo ni obìnrin yẹn ní kó o wá?"

"Èyí tó ń bọ̀ yìí, sà."

"Hẹ̀n." Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé àpótí náà fúnra wọn, wọ́n gbé e padà sí yàrá. Wọn kò sọ pé àwọn bẹ̀bẹ̀. Irú bàbá tí mo ní nìyẹn: ọwọ́ wọn máa ń sọ ohun tí ẹnu wọn kò lè sọ. Lẹ́yìn náà lọ́dún yẹn, nígbà tí ayálégbé ṣọ́ọ̀bù igun kó jáde, bàámi fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ màámi láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sì bá tiwọn lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé ṣé ìyá mi àti ìyàwó kékeré wá di ọ̀rẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ìkòkò méjì náà ló wà nínú ilé ìdáná. Wọ́n bínú síra wọn nígbà mìíràn, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń bínú láìsí èmi láàárín. Nígbà tí Àǹtí Jẹmílà bímọ wọn àkọ́kọ́, ọwọ́ màámi ni wọ́n gbé e sí. Èmi kò di ẹlẹ́ẹ̀rọ, nọ́ọ̀sì ni mo dà. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ mi bá mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bọ̀ láti ilé ìwé, tí wọ́n rà á tòun ti páálí, tí gbogbo ihò rẹ̀ ti wà níbi tó yẹ, mo máa ń jókòó sílẹ̀ bá wọn so ó.

Ní òwúrọ̀ Sátidé yẹn, Àǹtí Jẹmílà wọ gáùn aláwọ̀ ewé kan tí wọn kò tíì wọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dé ilé wa. Èmi ni màá bá wọn lọ, mo gbé Àfòpiná mọ́ àyà. A ti dé ẹnu géètì nígbà tí màámi ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Dúró níbẹ̀."

Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá wí. Wọ́n bọ̀ wá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀ níwájú Àǹtí Jẹmílà. Etí gáùn náà ti tú lẹ́yìn, ó ń fà nílẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó rí i. Àǹtí Jẹmílà fẹ́ kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá Ràfíà, ẹ dìde." Màámi fi ọwọ́ òsì dì wọ́n mú lẹ́sẹ̀ kí wọ́n má mira. Mi ò rí ìyáálé tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn síwájú ìyàwó rí, mi ò sì tíì rí i mọ́. Màmá Àgbà dá ìgbálẹ̀ dúró. Màámi rán an yíká ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, rírán tí kò hàn síta, wọ́n so ó ní kókó, wọ́n fi eyín gé òwú náà.

"Ó ti dáa," ni wọ́n wí, wọ́n ń gbọn yẹ̀pẹ̀ lórúnkún. "Máa lọ. Àwọn ọmọ ti ń dúró dè ọ́."